Ọwọ́ Ìyá Oníbúrẹ́dì

Bí ẹ bá wọ ilé búrẹ́dì ẹ̀gbọ́n mi láàárọ̀, ariwo ni yóò kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀. Ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun ti darúgbó, kò sì fìgbà kan dákẹ́ ìráhùn. Ó ń kùn, ó ń lọgun, ó ń gbọn ilẹ̀ mọ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀. Ẹni tó dúró tì yín gan-an ò ní gbọ́ bí ẹ bá pè é. Nítorí náà, ọwọ́ la fi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ iyọ̀ á fi ìka ra ìka. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n ṣí ààrò á la àtẹ́lẹwọ́. Àlejò tó bá yọjú á rò pé ìjà ló dé, kò mọ̀ pé ẹnì kan kàn ń bèèrè páànù búrẹ́dì ni.

Ẹni tó kọ́ wa ní èdè ọwọ́ yìí ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Oníbúrẹ́dì. Ọmọ ìyá kan náà ni wá. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló dá ilé búrẹ́dì náà sílẹ̀, èmi sì ń bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí. Ibà líle kan ki ọmọ náà mọ́lẹ̀ nígbà tí kò tíì rìn. Nígbà tí ibà náà ń lọ, ó gbé etí ọmọ lọ. Àwọn ènìyàn sọ ti ẹnu wọn. Àwọn kan ní kí ẹ̀gbọ́n mi máa gbé e kiri fún àdúà ìwòsàn. Ó gba àdúà, ó ṣe àmín, lẹ́yìn náà ó ní, "Ọmọ mi ò ṣàìsàn mọ́ o. Etí rẹ̀ ni kò gbọ́, orí rẹ̀ ń gbọ́." Ó mú un lọ sí ilé ìwé àwọn adití, òun alára sì jókòó sí kíláàsì pẹ̀lú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, lórí àga tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú mi.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ò ní dúró kí ọmọ kọ́ ọ tán ná?"

Ó ní, "Kí n wá bímọ sílé kí n má lè bá a ṣòfófó? Lọ po ìyẹ̀fun rẹ, jàre."

Ọmọ náà dàgbà, ó di ọ̀dọ́mọbìnrin tó já fáfá. Ojúlọ̀rọ̀ la sọ ọ́, torí ojú ènìyàn ló fi ń gbọ́ ohun tí ẹnu ń sọ. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fi í sí. Kí ẹ tó sọ "búrẹ́dì ńlá méjì" tán, ó ti wo ètè yín, ó ti kó o sínú ọ̀rá. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ò tiẹ̀ mọ̀ pé kò gbọ́ràn. Wọ́n rò pé ó ń gbéra ga ni, torí bí wọ́n bá pè é láti ẹ̀yìn, kì í dáhùn.

Mọ́sáláṣí nìkan ni ojú rẹ̀ ò ká. Lèmọ́mù wa ní irùngbọ̀n funfun tó bo ètè, àwa obìnrin sì ń jókòó sẹ́yìn ọgbà pákó kékeré kan tó pààlà sáàárín àwa àti àwọn ọkùnrin. Ojúlọ̀rọ̀ ń kírun bó ṣe yẹ: bí ẹni iwájú bá tẹ̀, á tẹ̀, bó bá forí kanlẹ̀, á forí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìwàásù bá bẹ̀rẹ̀, á jókòó bí ẹni tó dúró lójú fèrèsé, tó ń wo àwọn tó ń jẹun nínú ilé. Ní Jímọ̀ kan, gbogbo mọ́sáláṣí sunkún. Nígbà tí a délé, ó bi ìyá rẹ̀ pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ nípa títọ́jú òbí ni Lèmọ́mù sọ.

Ojúlọ̀rọ̀ dúró, ó ń retí ìyókù. Kò sí ìyókù. Ó wá fi ọwọ́ dáhùn pé, "Ẹkún tó tó yẹn, kí ẹ fi gbólóhùn kan sọ ọ́ tán?"

Ọ̀rọ̀ náà dun ẹ̀gbọ́n mi. Àmọ́ nígbà yẹn, kò mọ ohun tí òun lè ṣe sí i.

Àjàkálẹ̀ àrùn dé. Kò sí ẹni tí mo fẹ́ ròyìn ìyẹn fún, gbogbo wa la jọ rí i. Wọ́n ti ilé ìwé pa, wọ́n ti mọ́sáláṣí pa, títì sì mọ́ tónítóní bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Wọn ò ti ilé búrẹ́dì pa, torí ikùn ò mọ̀ pé àrùn wà níta. A ń yan búrẹ́dì, àwọn ènìyàn ń tò jìnnà síra wọn, kálukú sì fi ìbòmú bo ẹnu.

Ohun tí a ò rò tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ojú lọ̀rọ̀ wà, gbogbo ayé sì ti fi aṣọ bo ojú.

Ní ọjọ́ kẹta tí gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìbòmú, ọkùnrin kan bèèrè ohun kan, Ojúlọ̀rọ̀ kó ohun mìíràn fún un. Ọkùnrin náà tún un sọ, ọmọ tún ṣì í. Ọkùnrin náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ohun tí Ojúlọ̀rọ̀ rí kò ju ojú pupa méjì àti aṣọ tó ń wú tó ń rọ̀ lọ. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ kúrò lọ́rùn, ó gbé e lé orí tábìlì, ó wọ ẹ̀yìn lọ bá ìyẹ̀fun. Nígbà tí ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó ti ń fi ẹ̀ṣẹ́ lu ìyẹ̀fun. Ó dúró díẹ̀, ó sì fi ọwọ́ tó funfun sọ pé, "Nígbà tí ibà gbé etí mi lọ, mi ò mọ̀. Eléyìí ni mo mọ̀."

Ní àkókò yìí, Lèmọ́mù ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwàásù lórí fóònù. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a di fóònù mú nínú pálọ̀ wọn, Bàbá á sì ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, á sọ bí a ṣe máa kírun nílé, ìdí tí a ò fi gbọdọ̀ kóra jọ, àti bí wọ́n ṣe ń sin òkú nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Nígbà míì, ìyàwó rẹ̀ á gbàgbé, á jẹ́ kí ojú fóònù kọ òkè, àwa á sì gbọ́ ìwàásù látẹnu òrùlé. Síbẹ̀, gbogbo ìjọ ló ń wò ó.

Àwọn tí kò gbọ́ràn nìkan ni kò bá wa gbọ́.

Káfíńtà kan wà ní àdúgbò wa tó jẹ́ adití. Òun àti Ojúlọ̀rọ̀ jọ lọ sí ilé ìwé kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣíwájú rẹ̀. Òun ló ṣe pẹpẹ tí a ń to búrẹ́dì sí. Àrùn náà pa bàbá rẹ̀. Nígbà tí ó dé ilé ìwòsàn, àwọn tó wọ aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀ ló ń gbé òkú lọ. Ó fẹ́ wẹ bàbá rẹ̀ bí ọmọ ṣe ń wẹ bàbá. Wọ́n tì í sẹ́yìn. Ó tún sún mọ́ ọn, àwọn ẹbí tirẹ̀ gan-an ló tún dì í mú. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé, torí ẹnu gbogbo wọn wà lábẹ́ aṣọ.

Ó wá sí ilé búrẹ́dì wa lọ́jọ́ kejì. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó sì fi ọwọ́ bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè: "Nítorí pé mo jẹ́ adití ni wọn ò fi jẹ́ kí n wẹ bàbá mi?"

Ẹ̀gbọ́n mi fi ara balẹ̀ ṣàlàyé fún un pé àrùn náà lè ranni, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe fún gbogbo ẹni tó bá kú nínú rẹ̀. Ó ní Lèmọ́mù sọ pé ẹ̀sìn gbà á bẹ́ẹ̀, àti pé Ànábì ka ẹni tí àjàkálẹ̀ àrùn pa mọ́ àwọn ajẹ́rìíkú.

Káfíńtà ní, "Lèmọ́mù ló sọ ọ́? Nígbà wo?"

"Ní Jímọ̀ tó kọjá."

"Gbogbo ènìyàn sì gbọ́ ọ?"

Káfíńtà jókòó lórí àpò ìyẹ̀fun, ó sunkún bí ọmọdé. Mi ò mọ̀ pé ọkùnrin tó tó yẹn lè sunkún láìsí ohùn.

Bí ó ṣe lọ tán, ẹ̀gbọ́n mi bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó fọ ọwọ́, ó sì gba ilé Lèmọ́mù lọ. Èmi bá a lọ. A dúró síta lẹ́bàá géètì, Lèmọ́mù sì jáde wá, ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán sí wa.

"Àsàlámù àlékun, Bàbá."

"Wàlékun sàlámù, Ìyá Oníbúrẹ́dì. Ṣé kò sí nǹkan o?"

"Nǹkan wà, Bàbá. Ìwàásù yín ò dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn."

Bàbá ní, "Ìyàwó mi ni. Mo ti sọ fún un kó yé kọ ojú fóònù sí òrùlé."

Ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín. Ó sọ ọ̀rọ̀ Káfíńtà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lèmọ́mù tẹ́tí. Nígbà tó gbọ́ ibi tí ọmọkùnrin náà ti bèèrè bóyá torí pé òun jẹ́ adití ni, ó fi ọwọ́ bo ojú.

Ó ní, "Mo ti ń wàásù láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ti dúdú. Mò ń sọ pé kí ẹni tó gbọ́ sọ fún ẹni tí kò gbọ́. N kò mọ̀ pé wọ́n wà láàárín wa lóòótọ́." Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní Jímọ̀ tó ń bọ̀."

"Èmi, Bàbá? Obìnrin?"

"Ṣé mo ní kí o gba ipò mi ni? Ẹnu mi ni mo fẹ́ fi sọ̀rọ̀. Ọwọ́ rẹ ni wọ́n á fi gbọ́ ọ."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n gbé ìwàásù jáde sí àgbàlá ilé Lèmọ́mù kí àyè lè wà láàárín wọn. Lèmọ́mù dúró lápá kan, ẹ̀gbọ́n mi dúró lápá kejì, Ojúlọ̀rọ̀ sì dúró lẹ́yìn fóònù kó lè wo ètè ìyá rẹ̀, kó sì fi ọwọ́ rán an létí bí ọ̀rọ̀ bá há. Lèmọ́mù ò mọ béèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Bí ó bá ti gbóná, ńṣe ni ọ̀rọ̀ ń dà bí òjò. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ dá a dúró lójú gbogbo ayé: "Bàbá, ẹ dákun, ẹ rọra. Ọwọ́ méjì péré ni mo ní."

Ìgbà kan wà tí Lèmọ́mù dárúkọ ìdájọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò rántí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ló bá lo èyí tó kọ́kọ́ wá sọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn ìwàásù, fóònù Ojúlọ̀rọ̀ kún fún ẹ̀rín. Èdè ilé búrẹ́dì ni ìyá rẹ̀ lò. Ohun tó sọ fún gbogbo adití tó ń wò ni pé lọ́jọ́ ìkẹyìn, Ọlọ́run yóò wọn ìyẹ̀fun.

Ojú ti ẹ̀gbọ́n mi gidigidi. Ó lọ bẹ Lèmọ́mù. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní, "O ò ṣìnà púpọ̀. Òṣùwọ̀n náà ni wọ́n máa gbé jáde lọ́jọ́ yẹn. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìyẹ̀fun tiwa fúyẹ́."

Ọ̀rọ̀ tàn kálẹ̀. Àwọn tí a ò mọ̀ rí ń kọ̀wé wá láti ìlú tí a ò dé rí. Obìnrin adití kan ní òun ti ń gbààwẹ̀ láti kékeré, òun ò mọ ìdí tí òun fi ń gbà á ju pé ilé òun ń gbà á. Bàbá arúgbó kan rán fídíò wá. Kò sọ ohun kankan nínú rẹ̀. Ó kàn gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń ṣe àmín, ó ń ṣe àmín, títí fídíò fi parí. Ẹ̀gbọ́n mi wo fídíò yẹn, ó gbé fóònù fún mi, ó sì jáde lọ dúró lẹ́yìn ilé.

Nígbà tó yá, àrùn rọlẹ̀. Wọ́n ṣí mọ́sáláṣí. Àwọn àgbà ń bẹ̀rù pé àwọn ọ̀dọ́ ti mọ́ ìrun ilé lára, pé ìlà á dín kù. Òótọ́ ni, àwọn kan ò padà. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò wọlé rí bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ní Jímọ̀ àkọ́kọ́, àwọn adití dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wojú ara wọn, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa jókòó sí.

Lèmọ́mù pe ìpàdé nítorí wọn. Bàbá Aláṣọ ló kọ́kọ́ dìde. Oníṣòwò aṣọ ni, ènìyàn dáadáa ni, òun ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé nígbà tí gbogbo nǹkan tì pa. N ò ní purọ́ mọ́ ọn.

Ó ní, "Ìyá Oníbúrẹ́dì, mo kí ọ, o kú iṣẹ́ takuntakun. Ṣùgbọ́n àrùn ti lọ. Ohun tí àrùn gbé wá, kó gbé e dání lọ. Ìwàásù Jímọ̀ kì í ṣe fídíò. Bí obìnrin bá dúró níwájú àwọn ọkùnrin, tó ń ju ọwọ́ sókè sódò, ta ló máa fọkàn sí ohun tí Lèmọ́mù ń sọ?"

Àwọn kan kùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn pẹ̀lẹ́ pé, "Bàbá, èmi náà ò fẹ́ dúró níwájú. Ẹ̀yìn ni mo ti wá, ẹ̀yìn ò sì bù mí jẹ." Kó tó sọ̀rọ̀ mìíràn, Ojúlọ̀rọ̀ fọwọ́ kàn án lápá. Ọmọ náà ti ń wo ọwọ́ mi, torí èmi ni mò ń túmọ̀ ìpàdé fún un lábẹ́lẹ̀. Ó dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ sì ń fi ẹnu sọ ọ́ jáde.

"Ẹ ní àrùn ti lọ. Ọlọ́run ṣeun. Etí mi tó di ò bá a dé, kò sì ní bá a lọ. Kí àrùn tó dé, mo máa ń wá síbí, ẹ̀yìn orí yín ni mo máa ń wò. Ọdún àrùn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí ẹ ti ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Bí àrùn bá máa kó ẹrù rẹ̀ lọ, kó kó ìbòmú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kún ẹrù náà fún un."

Bàbá Aláṣọ wo ẹ̀gbọ́n mi.

"Ta ló sọ̀rọ̀ yẹn? Ìwọ ni àbí ọmọ?"

"Ọmọ ni, Bàbá. Ohùn nìkan ni mo yá a."

Ọkùnrin náà yíjú sí Ojúlọ̀rọ̀, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Báwo ni mo ṣe máa sọ fún un pé mo gbọ́?"

Ọmọ náà fi hàn án. Bàbá Aláṣọ ṣe tirẹ̀, ló bá di pé ebi ń pa òun. Káfíńtà bú sẹ́rìn-ín, gbogbo adití tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n sì ṣàlàyé fún ìyókù, kò sẹ́ni tí kò rẹ́rìn-ín. Bàbá Aláṣọ alára rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó na ìka sókè: "Mo ní mo gbọ́ o. Mi ò tíì ní mo gbà."

Lèmọ́mù ló bá wọn tún un ṣe. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi yóò máa túmọ̀ fún àwọn obìnrin lọ́dọ̀ wọn, kí ọkùnrin kan sì kọ́ èdè náà láti máa túmọ̀ fún àwọn ọkùnrin. Ta ló máa kọ́ ọ? Ládàánì, tó ń pe ìrun, ló dìde. Ó ní, "Ohùn mi ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yìí. Ẹ jẹ́ n wo ohun tí ọwọ́ mi lè ṣe."

Lẹ́yìn ìrun Alásárì, tí ààrò bá ti tutù díẹ̀, ilé búrẹ́dì wa di ilé ẹ̀kọ́. Ládàánì wá, bíríkìlà kan wá, àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin wá, ìyàwó Bàbá Aláṣọ náà yọ́ wá. Ìka Ládàánì gan bí igi ìdáná, ẹ̀gbọ́n mi sì ní kó máa po ìyẹ̀fun kí wọ́n lè rọ̀. Ojúlọ̀rọ̀ ni olùkọ́. Kò ní àánú. Bí ẹ bá ṣì í, á lu tábìlì kí ẹ lè wo òun, á sì ní kí ẹ tún un ṣe, tún un ṣe, tún un ṣe. Mo rí Ládàánì lọ́jọ́ kan tó ń dá nìkan sọ̀rọ̀ ọwọ́ lójú títì, tí àwọn ènìyàn ń yà fún un.

Nígbà tí ọdún fi máa yí po, ìlà àwọn adití ti wà lápá fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ́ sójú ẹni tó ń túmọ̀. Ní Jímọ̀ kan, a débẹ̀ a bá iná tuntun tí wọ́n gbé kọ́ sókè ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ pé òun ló gbé e wá. Ìyàwó Bàbá Aláṣọ ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọkọ òun ni.

Ìbòmú ti lọ, Ojúlọ̀rọ̀ sì ti padà sí iwájú ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀. Àwọn oníbàárà ni wọ́n ń fi ọwọ́ kí i báyìí. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ń kọ́ni ní ilé kéwú. Àwọn ọmọ tó gbọ́ràn àti àwọn tí kò gbọ́ràn ló jọ ń kàwé níbẹ̀. Ẹjọ́ kan ṣoṣo tí àfáà wọn ń rò ni pé àwọn tó gbọ́ràn ti sọ èdè náà di ti òfófó nígbà tí òun bá ń kọ nǹkan sójú pátákó. Àwọn mọ́sáláṣí mìíràn ń rán ènìyàn wá kọ́ èdè náà lọ́dọ̀ Ojúlọ̀rọ̀. Ibi tí àwọn kan ti wá jìn débi pé wọ́n sùn lọ́nà kí wọ́n tó débí.

Ní Jímọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, lẹ́yìn ìrun, Lèmọ́mù pe Káfíńtà síwájú kó bá ìjọ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ aládùúgbò. Káfíńtà dìde, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. Ládàánì jókòó kọjú sí i, ó di gbohùngbohùn mú, torí àwa tí a gbọ́ràn ni wọ́n máa túmọ̀ fún lọ́jọ́ náà.

Káfíńtà bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀yin tó ń gbọ́ràn, ẹ fara balẹ̀. Bí Ládàánì bá ṣì mí túmọ̀, ẹ má bínú, ẹ wá bi mí lẹ́yìn ìjókòó."

Àwọn adití ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìyókù ń wò wọ́n, wọ́n ń dúró de Ládàánì. Nígbà tó sọ ọ́ jáde, àwọn náà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tẹ̀ lé ẹ̀rín yíká mọ́sáláṣí bí ìgbì omi.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì mí. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan, kò sí iṣẹ́ kankan fún wọn, torí Ojúlọ̀rọ̀ ti dúró níwájú àwa obìnrin, ó ń gba ọ̀rọ̀ Káfíńtà sọ fún àwọn tí kò lè rí i láti ibi tí wọ́n wà. Àlejò obìnrin kan tó wá kọ́ èdè náà tẹ ẹ̀gbọ́n mi ní ìgbọ̀nwọ́, ó ní, "Màmá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kọ́ gbogbo wọn. Ṣé òótọ́ ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi na ìka sí ọ̀dọ́mọbìnrin tó dúró níwájú.

Ó ní, "Òun yẹn ni. Èmi ni ìyá rẹ̀."